Kọ́là tí Ìyá Pẹ̀lẹ́ Ń Tún Lọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Ìyá Pẹ̀lẹ́ jẹ́, ẹ kàn wo bó ṣe ń lé eṣinṣin. Á kọ́kọ́ ju ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Bí eṣinṣin bá kọ̀ tí kò lọ, òun fúnra rẹ̀ á gbé àga, á lọ jókòó síbòmíràn. Òun ni olórí yàrá ìlọṣọ ní ilé ìfọṣọ ńlá kan tó ń gba aṣọ àwọn òtẹ́ẹ̀lì fọ̀, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwọn ọmọge tó gbà síṣẹ́ ti di ìyá ọlọ́mọ níṣojú rẹ̀. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè rí. Lọ́jọ́ tí áyọ́ọ̀nù jó o lápá, àwọn tó wà níbẹ̀ búra pé áyọ́ọ̀nù ló kọ́kọ́ kí ní pẹ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni orúkọ ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Yàrá náà gùn, fèrèsé rẹ̀ ga, ooru ibẹ̀ kò sì kéré. Àwọn tábìlì ìlọṣọ tò tẹ̀lé ara wọn, wáyà áyọ́ọ̀nù ń fì láti òkè àjà, àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti lọ̀ tán á sì máa rọ̀ lórí háńgà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, funfun báláú. Òdìkejì àgbàlá ni yàrá tí àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ wà. Olórí ibẹ̀ ni ọkùnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Ojú-Abẹ, nítorí pé ojú abẹ níkòó ló máa ń sọ ọ́, kì í fi epo bọyọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́dọọdún, àwọn olórí méjèèjì ní láti pe àwọn òṣìṣẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó háńgà sí, kí wọ́n sọ fún oníkálukú ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ dáa dé àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Ti Ojú-Abẹ kì í pẹ́. "O ń pẹ́ dé. O ń sọ̀rọ̀ jù. Aṣọ funfun tó o fọ̀ ń pọ́n. Pe ẹni tó kàn." Omijé ni ọ̀pọ̀ fi ń jáde. Obìnrin kan tiẹ̀ jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí, ó sunkún títí wọ́n fi pa ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, aṣọ funfun obìnrin yẹn ti funfun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé títí dòní kì í kí Ojú-Abẹ láàárọ̀.

Ti Ìyá Pẹ̀lẹ́, bisikíìtì ń bẹ ńbẹ̀. Á bèèrè ìyàwó, á bèèrè ọmọ, á bèèrè orúnkún tó ń dùn ọ́ lọ́dún tó kọjá, á wá yin ohun tó yẹ ní yíyìn, kò sì ní fi ọ̀kan sílẹ̀ níbẹ̀. Bó bá wá kan ibi tó korò, á rọra fọwọ́ pa á lórí, á ní, "Díẹ̀díẹ̀ ni ọwọ́ ń mọ iṣẹ́," á sì tún na bisikíìtì sí ọ. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odindi: òwe tí ìyá yìí gbẹ́kẹ̀ lé nìyẹn. Ohun tí kò rò ni pé ààbọ̀ tó dùn ni òun ń sọ ní gbogbo ìgbà. Ààbọ̀ kejì, òun nìkan ló ń gbé e lọ sílé.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí wá já lé lórí ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kíámọ́sá. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó níyàwó, ó sì ń yára bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kí ẹlòmíràn tó lọ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, òun ti parí márùn-ún, ó sì ti dá gbogbo yàrá lẹ́rìn-ín. Apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gún, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Kọ́là ló bà á jẹ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí, láti ṣóńṣó méjèèjì ló ti ń lọ kọ́là wá sí àárín, á kọ́kọ́ lọ inú kó tó yí i síta. Kíámọ́sá ń ti àárín lọ sí ṣóńṣó ni, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn. Gbogbo rírún aṣọ á wá kó jọ sí ṣóńṣó, ibẹ̀ á ká kò bí ewé tí oòrùn pa.

Ìyá Pẹ̀lẹ́ ti rí i láti ọ̀sẹ̀ tí ọkùnrin náà dé. Ó fẹ́ sọ. Ọjọ́ tó múra láti sọ ọ́ gan-an ni Kíámọ́sá wọlé tòun ti ìròyìn pé ìyàwó òun ti lóyún. Ta ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kọ́là ba irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́? Ìyá sún un síwájú. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn yòókù ń fọwọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ omi tí wọ́n ń múra ilé, ó tan áyọ́ọ̀nù, ó sì tún gbogbo kọ́là Kíámọ́sá lọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Báyìí ni ọdún mẹ́ta ṣe kọjá. Ọmọ tó wà nínú oyún nígbà náà ti ń sáré kiri ilé, Ìyá Pẹ̀lẹ́ ṣì ń tún kọ́là bàbá rẹ̀ lọ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgbà tó di orí ọmọ mú títí ọmọ fi hu irùngbọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká pe ìyẹn?

Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún tó ṣáájú, Kíámọ́sá bèèrè bóyá wọ́n lè gbé òun lọ sí tábìlì iwájú, níbi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ àwọn oníbàárà tó ṣòroó tẹ́ lọ́rùn, tí owó oṣù ibẹ̀ sì sàn ju ti ẹ̀yìn lọ. Ìyá Pẹ̀lẹ́ fún un ní bisikíìtì, ó ní, "Àsìkò rẹ ń bọ̀, ọmọ mi." Obìnrin kan tọ́wọ́ rẹ̀ ò yá tó tirẹ̀ ló dé tábìlì náà. Láti ọjọ́ yẹn ni Kíámọ́sá kò ti bá obìnrin ọ̀hún sọ̀rọ̀ mọ́. Ó gbà pé ọ̀bẹ ẹ̀yìn ló fi jẹ òun níṣu.

Irọ́ ìbáà lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa ń bá a. Ti Ìyá Pẹ̀lẹ́ kò tiẹ̀ tó ogún. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń gbé ìlú mìíràn bímọ, ìyá sì gba ìsinmi láti lọ bá a tọ́jú ọmọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí kọ́là kankan. Ọ̀gá àgbà ilé ìfọṣọ, obìnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, ní kí Ojú-Abẹ máa mójú tó yàrá méjèèjì títí Màmá yóò fi dé.

Nígbà tí Màmá dé, tòun ti fọ́tò ọmọ-ọmọ rẹ̀ nínú fóònù tó ti múra láti fi han gbogbo ayé, àpótí ṣẹ́ẹ̀tì ló pàdé nílẹ̀ nínú ọ́fíìsì ọ̀gá. Òtẹ́ẹ̀lì tó tóbi jù nínú àwọn oníbàárà wọn ló dá wọn padà. Ojú-Abẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ká apá mọ́ àyà.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ kú oríire o," ni ọ̀gá wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo kọ́là yìí."

Ìyá Pẹ̀lẹ́ kò ní láti wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Iṣẹ́ Kíámọ́sá ni," ni Ojú-Abẹ wí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò bi í. "Mo pè é, mo ní kọ́là rẹ̀ ò dáa, pé àfi bí ẹni fi ìgbọ̀nwọ́ lọ̀ ọ́. Ó ní irọ́ ni, pé láti ọdún mẹ́ta, ẹ̀yin ò sọ bẹ́ẹ̀ fóun rí, pé mo kàn kórìíra òun ni. Mo wá bi ara mi: tó bá jẹ́ bó ṣe ń lọ kọ́là látọjọ́ yìí nìyí, ti ta wá ni òtẹ́ẹ̀lì ń yìn? Ìyá Pẹ̀lẹ́, ta ló ń bá ọkùnrin yìí lọ kọ́là?"

Ìyá wo fóònù ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni pé ọmọ inú fọ́tò lè bá òun dáhùn.

"Èmi ni," ó wí.

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Màmá, ẹ bí mi lọ́mọ, mi ò lè bá yín jà. Ṣùgbọ́n tí òtẹ́ẹ̀lì yìí bá lọ, ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa lọ sílé. Ẹ sọ fún mi, ṣé ọkùnrin yìí lè mọ̀ ọ́n lọ̀, àbí kò lè mọ̀ ọ́n? Tí kò bá lè mọ̀ ọ́n, kó máa lọ."

"Ẹ dákun, ẹ fún mi ní oṣù kan."

"Mo fún yín. Àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ yín kan kọ́là rẹ̀ o. Tí wọ́n bá fi lè dá ẹyọ kan padà lẹ́yìn oṣù yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán níbí."

Nígbà tí wọ́n jáde sí àgbàlá, inú ń bí Ìyá Pẹ̀lẹ́, ìbínú tirẹ̀ tí kì í ju kó máa tún gèlè rẹ̀ wé lọ. "Bàbá, ẹ ò bá ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kẹ́ ẹ tó sọ ọ́."

"Ẹ̀gbẹ́ kan náà lẹ ti ń pe àwọn èèyàn látọjọ́ yìí," ni Ojú-Abẹ dáhùn.

Ó dùn ún, nítorí pé òótọ́ ni. Wọ́n rìn díẹ̀. "Báwo lẹ ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an?" ni ìyá wá bèèrè.

"Mo máa ń lanu ni."

Ìyá rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ojú-Abẹ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ dà bí èmi ṣá o. Wọn kì í kí mi láàárọ̀. Ẹ má rò pé mi ò rí i." Ó sì wọlé tọ àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Pẹ̀lẹ́ pinnu láti kọ́kọ́ fi ilé dánra wò. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ló máa ń po tíì fún àwọn méjèèjì láràárọ̀, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun ṣe é. Ìyá tọ́ ọ wò, ó gbé ife kalẹ̀.

"Bàbá wọn, tíì yìí dùn jù."

Ọkọ gbójú sókè. "Ti òní?"

"Tojoojúmọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tá a ti fẹ́ra."

Bàbá gbé ife tirẹ̀ kalẹ̀. "Ìwọ obìnrin yìí! Èmi alára ò fẹ́ràn ṣúgà! Torí tìẹ ni mo ṣe ń bù ú sí i! Àràárọ̀ ni mò ń dì í mu bí ẹni ń mu oògùn!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí bàbá fi di etí tábìlì mú. Ìyá Pẹ̀lẹ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà tayọ̀tayọ̀. Òótọ́ ti jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì kú. Ẹ̀rù tó ń bà á dín kù díẹ̀. Díẹ̀ náà ni o.

Kíámọ́sá ti jókòó sáàárín àwọn háńgà kí Ìyá Pẹ̀lẹ́ tó wọlé, ó wú gbùngbùn. Ìyá na bisikíìtì sí i, kò gbà á.

"Ìyàwó ńkọ́, ọmọ mi?"

"Dáadáa ni wọ́n wà, Màmá."

"Ọwọ́ rẹ yá. Kò sẹ́ni tó yára tó ọ ní yàrá yìí, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn—"

"Màmá, ẹ dákun." Kíámọ́sá tẹ̀ síwájú lórí àga. "Ojú-Abẹ ní kọ́là mi ò dáa. Níṣojú gbogbo èèyàn! Mo ti sọ fún un pé irọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé irọ́ ni."

Bí Ìyá Pẹ̀lẹ́ bá ti ń sá fún ọjọ́ kan láyé, ọjọ́ yìí ni. Gbogbo ohun tó dùn tó mọ̀ ọ́n sọ ló tò sẹ́nu rẹ̀, ó gbé gbogbo wọn mì.

"Òótọ́ ló sọ," ó wí. "Kọ́là rẹ ò dáa. Kò dáa láti ọjọ́ tó o ti dé. Èmi ni mo máa ń dúró lẹ́yìn yín nírọ̀lẹ́ tí mo máa ń tún un lọ̀."

Kíámọ́sá wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. "Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Tábìlì iwájú tí mo bèèrè ńkọ́?"

"Ìdí ẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bà ọ́ lórúkọ jẹ́."

Ọkùnrin náà fọwọ́ bojú. "Mi ò kí obìnrin yẹn láti ọdún tó kọjá, Màmá. Ó ṣòfò bàbá ẹ̀, mi ò kí i." Ó gbójú sókè. "Ìṣẹ́jú márùn-ún péré lẹ̀ bá fi sọ ọ́ fún mi."

"Mo mọ̀. Àánú rẹ ló ń ṣe mí."

"Ṣé àánú nìyí?"

Ojú ti Ìyá ju bó ṣe rò lọ. "Mo jẹ̀bi, ọmọ mi, má bínú," ó wí nígbẹ̀yìn. Ó wá sọ ohun tí ọ̀gá sọ fún un, kò yọ ọ̀kan kúrò: pé oṣù kan ló ní, pé tí wọ́n bá dá ẹyọ kan padà lẹ́yìn náà, wọ́n á ní kó máa lọ, àti pé òun ò ní lè bá a tún un lọ̀ mọ́. Kíámọ́sá dìde, ó jáde, kò dúró gba bisikíìtì, kò sì ti ilẹ̀kùn.

Ìyá Pẹ̀lẹ́ rò pé kò ní padà wá. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà ti dé ṣáájú rẹ̀, ó ti tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì, ojú rẹ̀ le. "Ẹ kọ́ mi," ó wí. Kò tilẹ̀ kí i.

Kò rọrùn. Ọwọ́ tó ti ń ti àárín lọ sí ṣóńṣó látọjọ́ pípẹ́, àfi ká máa bá a wọ̀yá ìjà. Kíámọ́sá wá ń falẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ó ti di Pẹ̀lẹ́kùtù. Ó lọ sí tábìlì iwájú, ó bẹ obìnrin tó wà níbẹ̀. Obìnrin náà ní òun ti rò pé etí ló ń dùn ún tí kì í fi gbọ́ nígbà tóun bá ń kí i. Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jọ jẹun ọ̀sán.

Ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ fún jù ni Ìyá Pẹ̀lẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ní "Rárá, tún un ṣe," ó dà bíi pé ó fẹ́ wúkọ́. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. "Eléyìí ò dáa, ọmọ mi. Apá òsì ti ká." Kò gbé ohùn sókè, kò sì yọ "ọmọ mi" kúrò. Àwọn yòókù ń gbọ́ ọ, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, obìnrin kan láti tábìlì ẹ̀yìn gbé ṣẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ wá. "Màmá, èmi náà ńkọ́? Ẹ sọ tèmi." Ìyá wò ó, ó ní bọ́tìnnì rẹ̀ ń fi àpá sílẹ̀ láti ọdún méjì. Obìnrin náà ní, "Hàà!" ó padà lọ tún un ṣe.

Oṣù pé. Ọkọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ń bọ̀ wá kó ẹrù ní ìdájí ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó dé ibi iṣẹ́. Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti jáde sí àgbàlá, Ìyá Pẹ̀lẹ́ ń ka ṣẹ́ẹ̀tì kọjá lórí háńgà kó tó ti ilẹ̀kùn. Ti Kíámọ́sá dáa. Wọ́n dáa débi pé ó ń rẹ́rìn-ín nìkan. Ó wá kan ọ̀kan tí ṣóńṣó rẹ̀ ká kò, díẹ̀ báyìí, bí ẹni tó fẹ́ yọ̀ sá lọ.

Áyọ́ọ̀nù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì gbóná. Kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Kó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti gbé e. Bó bá fà á lẹ́ẹ̀mejì péré, iṣẹ́ ọmọ yìí ò ní bọ́, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ láyé. Ó dúró síbẹ̀ tòun ti áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́, ó ń ṣe é bíi kó sunkún, nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀, ìfẹ́ náà ò sì ní ibòmíràn tó máa gbà tẹ́lẹ̀ ju ọwọ́ yìí lọ.

Ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn mú, ó sì fi ohùn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó ní ké sí àgbàlá:

"Kíámọ́sá! Padà wá! Kọ́là kan ò dáa níbí!"

Gbogbo wọn yíjú padà. Àwọn tó ti dé géètì dúró. "Ta nìyẹn?" ni Ojú-Abẹ bèèrè, ẹ̀rù bà á tòótọ́.

Kíámọ́sá sáré padà, ó yẹ kọ́là wò, ó pòṣé. "Òótọ́ ni, Màmá. Ojú ń kán mi ni." Ó bọ́ báàgì kalẹ̀, ó tan áyọ́ọ̀nù. "Ẹ máa lọ. Màá yẹ ìyókù wò, màá sì ti ilẹ̀kùn."

Òtẹ́ẹ̀lì kò ní rí ohun tí wọ́n máa dá padà, lọ́tẹ̀ yìí àti lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Pẹ̀lẹ́ kò tíì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó gbé báàgì rẹ̀, ó bá àwọn yòókù jáde. Ilẹ̀ ò tíì ṣú. Ojú-Abẹ dúró dè é ní géètì, ó ń wo fèrèsé yàrá ìlọṣọ tí iná ṣì wà níbẹ̀.

"Ẹ ò ní dúró wò ó ni?" ó bèèrè.

"Kí ni mo fẹ́ wò?" ni Ìyá Pẹ̀lẹ́ dáhùn. "Mo ti sọ fún un."